Bí a bá rà á, ṣé tiwa ni? Àlàyé lórí ìwé, fíìmù àti géèmù tí à ń rà lórí ayélujára

Láti bí ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn èèyàn lórí ayélujára, pàápàá àwọn tó ń gbá géèmù: wọ́n ní bí ohun téèyàn fowó rà kì í bá ṣe tirẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó gba irú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ láìsanwó kò jalè. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ sí i, àwọn kan ń pè é ní àwáwí olè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń dúró ṣàlàyé ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló bí i, ìyẹn "rà". Òun ni wọ́n kọ sára bọ́tìnì tí à ń tẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ra ìwé, fíìmù tàbí géèmù lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé àdéhùn gígùn tó wà lẹ́yìn bọ́tìnì náà, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa kì í kà, ohun tó wà níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ títà rárá: àṣẹ ni wọ́n fún wa láti lo nǹkan náà, wọ́n sì lè gba àṣẹ padà. Àlàfo tó wà láàrin ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì àti ọ̀rọ̀ inú àdéhùn ni gbogbo ìjà yìí dá lé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná?

Géèmù kan ló dáná sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé eré ìje ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ The Crew jáde. Wọ́n ṣe é lọ́nà tó fi jẹ́ pé kò lè ṣí bí kò bá kọ́kọ́ bá sáfà ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé iṣẹ́ ń tàn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ dá gbá a nínú yàrá rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 wọ́n kó géèmù náà kúrò lórí àtẹ. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa àwọn sáfà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ra ti inú páálí, tí àwo rẹ̀ ṣì ń dán bí ọjọ́ tó rà á, lè ki àwo náà bọ ẹ̀rọ. Àwo yóò yí, ẹ̀rọ yóò wá sáfà, yóò wá a títí, kò ní rí i, ibẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ yóò dúró sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn kan lára àwọn tó rà á lórí ayélujára fi rí i pé àṣẹ géèmù náà pàápàá ti kúrò nínú àkáǹtì wọn.

Ohun tó bu epo sí iná náà ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kan ní Ubisoft, Philippe Tremblay, ti sọ fún àwọn oníròyìn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, pé àwọn tó ń gbá géèmù ní láti jẹ́ kó mọ́ wọn lára pé géèmù kì í ṣe ohun ìní wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ti mọ́ àwọn èèyàn lára nínú ọ̀rọ̀ orin àti fíìmù. Ó tọ́ kí a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: ètò sísan owó oṣooṣù ni wọ́n ń bi í léèrè, ohun tó sì ń sọ ni ohun tí yóò mú kí ètò náà gbilẹ̀. Kò mẹ́nu kan pípa sáfà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáfà The Crew kú ní oṣù méjì lé díẹ̀ sí i, àwọn èèyàn so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, wọn kò sì tú u mọ́ títí di òní.

Fíìmù náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Sony kọ̀wé sí àwọn tó ti ra ètò tẹlifíṣọ̀n Discovery lórí PlayStation pé gbogbo rẹ̀ yóò kúrò nínú àkáǹtì wọn ní ọjọ́ 31 oṣù náà, nítorí àdéhùn tó wà láàrin ilé iṣẹ́ méjèèjì. Ariwo pọ̀, wọ́n sì tún àdéhùn náà ṣe, wọ́n wá kéde pé àwọn ètò náà yóò ṣì wà fún 30 oṣù, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ìròyìn pe èyí ní ìṣẹ́gun fún oníbàárà. Àmọ́ bí a bá fara balẹ̀ kà á, oṣù ni wọ́n kà fún ẹni tó ti san owó rẹ̀ tán. Lọ́dún tó ṣáájú, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àwọn oníbàárà Sony kan ní Jámánì àti Austria ti pàdánù fíìmù ilé iṣẹ́ StudioCanal tí wọ́n rà, nítorí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ náà.

Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nìyí?

Rárá o. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń rántí jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2009. Ilé iṣẹ́ kan tí kò ní ẹ̀tọ́ láti ta ìwé George Orwell ní Amẹ́ríkà gbé e sórí àtẹ Amazon, àwọn èèyàn sì rà á sórí ẹ̀rọ ìkàwé Kindle wọn. Nígbà tí Amazon gbọ́ pé ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà kọ́ ló tà á, ó dá owó padà fún àwọn tó rà á, ó sì na ọwọ́ láti ọ̀nà jíjìn wọ inú ẹ̀rọ kálukú, ó pa ìwé náà rẹ́. Ọ̀kan nínú ìwé tí wọ́n pa rẹ́ ni 1984, ìwé tó sọ nípa ìjọba tó ń ju àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú iná kí ẹnikẹ́ni má bàa rántí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ka ìwé yẹn fún iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ti ń kọ àkíyèsí tirẹ̀ sí i bó ṣe ń kà á lọ. Nígbà tó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, àkíyèsí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí àkíyèsí náà ń tọ́ka sí kò sí mọ́. Ó gbé Amazon lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì parí ẹjọ́ náà lọ́dún kan náà. Jeff Bezos, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, tọrọ àforíjì ní gbangba, ó ní ìwà òmùgọ̀ ni àwọn hù.

Lọ́dún 2019, Microsoft ti ìsọ̀ ìwé tirẹ̀ pátápátá. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún náà, gbogbo ìwé tí àwọn èèyàn ti rà níbẹ̀ dẹ́kun ṣíṣí. Ó dá gbogbo owó padà, ó sì fi dọ́là 25 lé e fún ẹni tó ti kọ àkíyèsí sínú ìwé rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé owó òun sọnù. Ìwé ló sọnù, àti ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin rírà àti àṣẹ ìlò?

Nínú èdè wa, a kì í da rírà, yíyá àti híháyà pọ̀. Bí mo bá ra nǹkan, owó ti kúrò lọ́wọ́ mi, ohun náà ti wọ ọwọ́ mi, ẹni tó tà á fún mi kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan sọ mọ́: mo lè lò ó, mo lè fi tọrẹ, mo lè tà á fún ẹlòmíràn, mo sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Bí mo bá yá a tàbí tí mo háyà rẹ̀, mo mọ̀ pé ọjọ́ ìdápadà ń bọ̀. Àṣẹ ìlò wà láàrin méjèèjì. Owó rẹ̀ dà bí owó ọjà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì ń san án. Ṣùgbọ́n agbára tó fúnni kò ju ti ẹni tó yá nǹkan lọ, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n dá pé wọn yóò gbà á.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé ìjà náà ti dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Lọ́dún 1904, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Bobbs-Merrill tẹ ìwé ìtàn àròsọ kan, ó sì tẹ ìkìlọ̀ sínú rẹ̀ pé dọ́là kan ni iye owó ìwé náà, pé kò sí oníṣòwò tó ní àṣẹ láti tà á ní owó tó kéré sí i, àti pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti rú ẹ̀tọ́ oníwèé. Àwọn tó ni ilé ìtajà Macy's rí ìkìlọ̀ náà, wọ́n sì ta ìwé náà ní sẹ́ǹtì 89. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a lọ́dún 1908 pé ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ni ìwé láti pinnu títà rẹ̀ parí nígbà àkọ́kọ́ tó ti tà á. Ohun tó bá tẹ̀ sínú ìwé lẹ́yìn èyí kò lè tọ ìwé náà lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdájọ́ yìí ni a mọ̀ sí òfin títà àkọ́kọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni ọjà ìwé àlòkù, àwo orin àlòkù àti ilé ìkàwé ń fara pamọ́ sí ní Amẹ́ríkà títí di òní.

Ìkìlọ̀ ọdún 1904 àti ìwé àdéhùn tí à ń tẹ bọ́tìnì lé lórí lónìí ń sọ ohun kan náà: mi ò tà á fún ẹ, mo kàn gbà ẹ́ láyè ni. Ti àkọ́kọ́ kò múlẹ̀. Ti ìsinsìnyí múlẹ̀, ohun méjì ló sì mú un múlẹ̀.

Kí ló dé tí òfin àtijọ́ kò fi dáàbò bo ohun tí a rà lórí ayélujára?

Ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí fáìlì gbà ń rìn. Bí mo bá gbé ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìwé náà kúrò lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí i, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀dà tuntun, kódà bí mo bá pa ti ọwọ́ mi rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Òfin títà àkọ́kọ́ fún ẹni tó rà láyè láti tà. Kò fún un láyè láti ṣe ẹ̀dà. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹjọ́ ReDigi wó lé. Ilé iṣẹ́ náà ṣí ìsọ̀ orin àlòkù sórí ayélujára lọ́dún 2011, ó ṣe ètò tí ń pa orin rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó tà á bí ó ti ń gbé e lọ fún ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018.

Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà kò tò lọ́nà kan. Lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ nínú ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle pé bí ilé iṣẹ́ bá gba owó lẹ́ẹ̀kan, tó sì fúnni ní àṣẹ tí kò lópin láti lo ètò kọ̀ǹpútà, ó ti tà á nìyẹn, ohun yòówù tí ó bá pè é nínú àdéhùn. Ẹni tó rà á sì lè tún un tà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Lọ́dún 2019 ilé ẹjọ́ kan náà sọ nínú ẹjọ́ Tom Kabinet pé ìwé orí ẹ̀rọ kò sí lábẹ́ ìdájọ́ yẹn, torí òfin tó de ìwé yàtọ̀ sí èyí tó de ètò kọ̀ǹpútà. Géèmù wá há sáàrin: ètò kọ̀ǹpútà ni, àwòrán àti orin sì tún ni. Ní Paris, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà oníbàárà, UFC-Que Choisir, borí Valve, ilé iṣẹ́ tó ni ìsọ̀ Steam, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ láti tún géèmù tà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì yí ìdájọ́ náà padà lọ́dún 2022.

Kí ni àgádágodo tí wọ́n ń sọ pé ó wà nínú fáìlì?

Èyí ni ohun kejì. Ìkìlọ̀ Bobbs-Merrill kò lè di ìwé pa mọ́ ẹni tó rà á lójú. Fáìlì òde òní lè di ara rẹ̀ pa. DRM ni àwọn onímọ̀ ń pe àgádágodo náà: wọ́n á yí ìwé tàbí fíìmù sí àmì tí kò ṣeé kà, áàpù ilé iṣẹ́ nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ tó lè tú u, bẹ́ẹ̀ ni áàpù náà lè kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ sáfà bóyá ẹni tó fẹ́ ṣí i ṣì ní àṣẹ. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ bá ti wó, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá a lọ.

Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí DMCA, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti já irú àgádágodo bẹ́ẹ̀, kódà fún ẹni tó fẹ́ ka ìwé tó fowó ara rẹ̀ rà, àyàfi àwọn ìdí díẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Orin nìkan ló bọ́ nínú ìdè yìí dáadáa: lọ́dún 2009 Apple kéde pé orin tí òun ń tà lórí iTunes kò ní ní àgádágodo mọ́, ẹni tó sì ra fáìlì orin lónìí sábà máa ń lè gbé e lọ síbi tó bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé àti fíìmù kò tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2025, Amazon tún mú ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń gba fáìlì ìwé Kindle wọn sórí kọ̀ǹpútà láti fi wáyà gbé e sínú ẹ̀rọ ìkàwé kúrò. Ọ̀pọ̀ ló ti ń fi ọ̀nà yẹn tọ́jú ẹ̀dà ìwé wọn sílé.

Kí ni àwọn ilé iṣẹ́ ń sọ?

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò lásán, ó sì yẹ kí ẹni tó ń bá wọn jà gbọ́ ọ dáadáa. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní fáìlì kì í gbó. Ìwé àlòkù ti ya létí, ẹni tó fẹ́ èyí tó mọ́ yóò lọ ra tuntun. Ṣùgbọ́n fáìlì àlòkù kò yàtọ̀ sí tuntun, bí wọ́n bá sì gbà kí a máa tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ̀dà díẹ̀ lè kárí ayé, kí òǹkọ̀wé má rí nǹkan jẹ mọ́.

Èyí tó tún wúwo jù ni pé ìsọ̀ tó ń tà á fún wa kọ́ ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ yá ni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Sony kò ni ètò Discovery. Àṣẹ ni òun náà gbà, fún ìgbà díẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kò sì lè fún oníbàárà ní ju ohun tó gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú géèmù: orin tó ń dún lábẹ́ eré, orúkọ àti àwòrán ọkọ̀ gidi tó ń sáré níbẹ̀, títí kan irinṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ sáfà rẹ̀, àṣẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ọjọ́ ìparí. Àwọn oníbàárà ń dáhùn pé bí ìsọ̀ bá mọ̀ pé àṣẹ òun yóò parí, ọjọ́ tó ń gba owó ló yẹ kó sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ Video Games Europe, tó ń ṣojú àwọn ilé iṣẹ́ géèmù, fi èrò tirẹ̀ hàn ní oṣù Keje ọdún 2025. Ó ní bí àwọn oníbàárà bá ń gbé sáfà tiwọn kalẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ dátà àwọn èèyàn tàbí tí yóò máa yọ ohun tí kò bófin mu kúrò, ẹ̀bi rẹ̀ sì lè padà wá sórí ẹni tó ni géèmù. Ó fi kún un pé àwọn géèmù kan wà tí wọ́n kọ́ láti ìpìlẹ̀ fún orí ayélujára nìkan, àti pé fífi dandan lé ọ̀nà mìíràn yóò mú kí owó tí wọn yóò fi ṣe wọ́n ga kọjá agbára.

Kí ni àwọn oníbàárà ń béèrè?

Ibí yìí ni àsọdùn ti pọ̀ jù. Ìpolongo Stop Killing Games, tí Ross Scott, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe fídíò sórí YouTube, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 lẹ́yìn ikú The Crew, kò sọ pé kí ilé iṣẹ́ máa tan sáfà títí ayé. Kò sì sọ pé kí wọ́n fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ́. Ohun tó ń béèrè ni pé, nígbà tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ fi géèmù kan sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ ní ipò tó ṣì lè ṣiṣẹ́, bóyá nípa ṣíṣí ọ̀nà tí kò nílò sáfà, tàbí nípa jíjẹ́ kí àwọn tó rà á lè gbé sáfà tiwọn kalẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lábẹ́ òfin tó ní kí ìjọba àjọ náà fèsì sí ẹ̀bẹ̀ tí mílíọ̀nù kan ọmọ orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí. Ìfọwọ́sí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2024, ó sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù débi pé àwọn kan ti sọ pé ó ti kú. Ní oṣù tó kẹ́yìn àkókò ìfọwọ́sí náà ló tó kọjá mílíọ̀nù kan. Ubisoft fúnra rẹ̀ ti kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 pé òun yóò ṣe ọ̀nà tí kò nílò ayélujára fún The Crew 2 àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìkéde yẹn fi hàn pé ohun tí wọ́n ń béèrè ṣeé ṣe, ó kéré tán fún géèmù irú èyí. Ti àkọ́kọ́ kò sí nínú ìlérí náà.

Òfin California ńkọ́? Ṣé ó ti fòpin sí i?

Kò fòpin sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ṣì í gbọ́. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Gómìnà Gavin Newsom buwọ́ lu òfin kan lórí títà nǹkan orí ẹ̀rọ, AB 2426, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Kò ní kí ilé iṣẹ́ má gba àṣẹ padà. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ "rà" fún nǹkan orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà ní kedere, níbi tí kò ti ní fara sin, pé àṣẹ ìlò ni ó ń gbà, tàbí kí ó jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kan ètò owó oṣooṣù, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé bí owó bá dúró, ohun gbogbo dúró. Kò kan ohun ọ̀fẹ́. Kò sì kan ohun tí ènìyàn lè gbà sílẹ̀ pátápátá kí ó máa lò ó láìsí ayélujára.

Èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀ gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ó sọ ìtumọ̀ "rà" fún wa ní ọ̀nà ẹ̀bùrú: ohun tí ẹni tó tà á kò lè gbà padà mọ́. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ ni Steam ti fi àlàyé sí ojú ewé ìsanwó rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 pé àṣẹ ni owó náà ń rà. Ìsọ̀ géèmù mìíràn tó ń bá a díje, GOG, sì lo àǹfààní yẹn láti rán àwọn èèyàn létí pé géèmù tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, òun kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó gbà á láìsanwó kò jalè?

Ní ti òfin, ìbéèrè náà kò tò. Ṣíṣe ẹ̀dà iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgba àṣẹ jẹ́ rírú ẹ̀tọ́ rẹ̀, yálà oníbàárà ni ohun tó rà tàbí kò ni ín. Ṣùgbọ́n òfin pàápàá kì í sábà pè é ní olè: lọ́dún 1985, nínú ẹjọ́ Dowling, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé òfin tó de gbígbé ẹrù olè láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn kò kan àwo orin tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìgba àṣẹ, nítorí pé rírú ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ yàtọ̀ sí jíjí nǹkan. Nítorí náà, gbólóhùn tó gba ayélujára kan kì í ṣe àwíjàre tó lè gbani sílẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ̀hónú ni, ohun tó sì ń tọ́ka sí, ìyẹn lílo ọ̀rọ̀ "rà" fún ohun tí kì í ṣe títà, ni àwọn aṣòfin California gbà pé ó jẹ́ ẹ̀tàn.

Ṣé ọmọ lè jogún rẹ̀?

Ìròyìn kan tàn kálẹ̀ lọ́dún 2012 pé òṣèré Bruce Willis fẹ́ gbé Apple lọ sílé ẹjọ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún orin rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ ní gbangba pé irọ́ ni. Ìbéèrè inú rẹ̀ kì í ṣe irọ́ o. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, títí kan ti Steam, ló sọ pé àkáǹtì kò ṣeé gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ irú èyí tí òun ń sanwó fún?

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ó pa íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó wá gbìyànjú láti ṣí ohun tó rà. Bí ó bá ṣí, kí ó gbé fáìlì náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn tí kò ní áàpù ìsọ̀ náà. Èyí tó bá ṣì ṣí níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ fáìlì orin, ohun tó wá láti GOG, tàbí ìwé ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Tor Books tí kò ti ní àgádágodo láti ọdún 2012, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ láti ṣí, ọwọ́ ìsọ̀ ló wà.

Kí ó má sì fọkàn tán páálí jù. Àwọn géèmù kan wà fún Nintendo Switch 2, ẹ̀rọ géèmù tó jáde lọ́dún 2025, tí káàdì inú páálí wọn kò ní géèmù kankan nínú: kọ́kọ́rọ́ lásán ni káàdì náà, géèmù fúnra rẹ̀ sì ṣì gbọ́dọ̀ ti orí ayélujára wá kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú páálí, ní ìsàlẹ̀.